Peugeot 504 àti Jíìpù Òde-Òní: Èwo Ni Ó Yẹ Wá?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní àsìkò yìí tí jíìpù ńláńlá gba ìgboro kan ní Nàìjíríà, ó tọ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí a fi ọkọ̀ àná wé ti òní. Ọkọ̀ àná tí a ní lọ́kàn ni Peugeot 504. Ti òní ni Toyota Land Cruiser.

Ní ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé gbé 504 jáde. Ní ọdún 1975, a ṣí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tí 504 tí a tò pọ̀ níbẹ̀ fi di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ti olùkọ́ àti ti awakọ̀ èrò. Ọdún 1975 kan náà ni Ove Andersson, ọmọ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà eléruku àti ẹlẹ́rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn méjì péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí.

Àwa kò ní tìtorí ìfẹ́ ohun àtijọ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tuntun. Bí táyà kan lára méjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí bá kó sínú ẹrẹ̀, yíyí lásán ni yóò máa yí, nítorí pé ibi tí kò sí ìdènà ni agbára ẹ́ńjìnnì ń sá lọ. Ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti jíìpù ń yí: bí ti iwájú bá ń yọ̀, ti ẹ̀yìn a tì í. Ẹni tí ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà òjò mọ iyì èyí.

Síbẹ̀, jíìpù yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, nígbà tí 504 kò ju bí tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Epo tí ó ń mu kò kéré. Kọ̀ǹpútà sì ni a fi ń yẹ àìsàn rẹ̀ wò. Ní ti 504, abẹ́ igi ni mẹkáníìkì ti ń tú káburétọ̀ rẹ̀, tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń wò, títí òun náà fi gba òmìnira.

Ní ọdún 2023, nígbà tí ariwo ta lórí Land Cruiser tí a rà fún àwọn aṣòfin ní Àbújá, ọ̀kan nínú àwíjàre tí a gbọ́ ni pé ọ̀nà wa burú. Ta ni ó yẹ kí ó tún ọ̀nà náà ṣe? Nígbà tí ọ̀gá ń gun 504, kòtò tí ń gbo olùkọ́ jìgìjìgì ń gbo òun náà. Jíìpù a máa gba ẹni inú rẹ̀ lọ́wọ́ kòtò, ṣùgbọ́n kò lè dí kòtò.

A kò sọ pé kí a padà sí 504. Ohun tí a ń wí ni pé títò ni a tò ó. Ó yẹ kí a ti kúrò ní títò, kí a máa rọ ọ́ fúnra wa. Ilé-iṣẹ́ Innoson ní Nnewi ń ṣe jíìpù lónìí: kí ìjọba máa rà á, kí wọ́n sì tún ọ̀nà ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.