ÈRÒ Ń PỌ̀ SÍ I, ILÉ-KÉWÚ ŃKỌ́?

 

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kò jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà ilé wa. Ó jẹ mọ́ bí èrò ṣe kún Agége àti Alímòṣọ́, àti ohun tí kíkún náà ń ṣe sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Oko ni wọ́n mọ agbègbè wa sí látijọ́, oko kòkó àti oko obì. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú-irin láti Èkó. Nígbà tí ó fi di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú-irin ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, Agége sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Obì Agége ń wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ọya, àwọn Hausa oníṣòwò obì sì wá tẹ̀dó sí àárín wa. Níbi tí ọjà bá wà, èrò a dé. Níbi tí Mùsùlùmí bá sì dé, mọ́sáláásí àti ilé-kéwú kì í pẹ́ tẹ̀lé e.

Ọdún 1955 ni ó yẹ kí gbogbo wa há sórí, nítorí ilẹ̀kùn méjì ni ó ṣí lọ́dún náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Agége sì wà lábẹ́ ìjọba náà nígbà yẹn, nítorí a kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ títí di ọdún 1967. Ní ọdún 1955 yìí kan náà ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory gbé Markaz, tí ó dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, wá sí Agége. Ọmọ kéwú jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí pátákó, ó ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Sheikh náà papò dà ní ọdún 1992, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ ti tú ká, wọ́n sì ti dá ilé-kéwú tiwọn sílẹ̀ káàkiri.

BÍ ÈRÒ ṢE KÚN

Nígbà tí owó epo dé lẹ́yìn ọdún 1970, iṣẹ́ pọ̀ ní Ìkẹjà àti ní Èkó, ṣùgbọ́n ilé kò tó, owó ilé sì wọ́n. Ẹni tí kò rí yàrá gbà ní ìgboro á kọjá sí Agége. Nígbà tí Agége náà kún, wọ́n kọjá sí Ìpájà, Ẹgbẹ́dá, Ìdímù, Ìkọ̀tún, Ìgàndò àti Àyọ̀bọ̀. Oko di búlọ́ọ̀kù, ọ̀nà ẹsẹ̀ di títì.

Ní ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 1,277,714 ni ó wà ní Alímòṣọ́, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ó pọ̀ tó o ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó kò gbà. Wọ́n ní àwọn ka 2,047,026. Ní Agége, ọ̀kan ní 459,939, èkejì ní 1,033,064. A kò ní dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí àríyànjiyàn yìí túmọ̀ sí: ẹni tí a kò kà, a kò ní kọ́ kíláàsì fún un. Láti ọdún 2006 yìí, Nàìjíríà kò sì tíì tún ka ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a fojú ìṣirò wò ó. Ká ní nínú ènìyàn mẹ́fà, ẹnì kan jẹ́ ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí a mú iye tí ó kéré, ìyẹn 1,277,714. Ọmọ tí ó lé ní 212,000 nìyẹn. Bí ọmọ 35 bá wà ní kíláàsì kan, a ó nílò kíláàsì tí ó lé ní 6,000 ní Alímòṣọ́ nìkan, bí ẹni pé ọdún 2006 ni a ṣì wà.

OHUN TÍ Ó KAN ILÉ-KÉWÚ

Àwọn àgbà rántí ìgbà tí ọmọ ń lọ sí iléèwé ní ṣíṣẹ́ẹ̀tì, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983, ó kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì, ó sì fòpin sí i. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n èrò kò dúró de ẹnikẹ́ni. Iléèwé aládàáni pọ̀ ní gbogbo àdúgbò, ọmọ a sì parí iléèwé kí ó tún dúró fún lẹ́sìn. Kí ó tó dé ilé, a ti kírun Àsìrì. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á. Nígbà náà ni a ní kí ó gbé Kùránì.

Nítorí náà ni kéwú ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe di ti Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọjọ́ méjì nínú méje! Ohun tí ọmọ há sórí ní Sọ́ńdè, ó ti sọnù kí Sátidé tó dé. Àwa olùkọ́ rí i: ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó mọ ìṣirò dáadáa, tí kò lè ka Fátíà já. A sì rí òmíràn tí ó ka Kùránì parí, tí kò lè kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni a jẹ ní gbèsè.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní, ẹ̀yin ará mọ́sáláásí, bí ẹ bá ń ra ilẹ̀, ẹ rántí kíláàsì kí ẹ tó rántí ṣóńṣó ilé. Ilẹ̀ tí a kò rà lónìí, a kò ní lè rà á lọ́la.

Èkejì, kí mọ́sáláásí kọ̀ọ̀kan máa ka àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ lọ́dọọdún: mélòó ni wọ́n, mélòó ló ń kéwú, mélòó ni kò lọ síbì kankan. Ìwé kékeré kan àti bírò ló gbà.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kéwú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ nílé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà tàbí Ìṣáì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń wọ orí. Ẹ sì máa san owó áfáà lásìkò, nítorí áfáà náà ń san owó ilé ní ìlú yìí.

Ẹ̀kẹrin, àwa olùkọ́, kí a má fi ọmọ du iléèwé, kí a má sì fi iléèwé bú ọmọ. Kí a bá olùkọ́ iléèwé ṣètò àkókò. Ilẹ̀kùn méjì ni Ọlọ́hun ṣí fún wa ní Agége ní ọdún 1955. Kò yẹ kí ọmọ wa gba ọ̀kan wọlé kí a ti èkejì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin ni èrò tí a ń sọ. Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ kò gbọ́n, ẹrù ni ẹ jẹ́ fún ìlú. Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ sì gbọ́n, ọlá ni.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ kẹ́ àwọn ọmọ wa, kí ó fún wa ní ilẹ̀ àti agbára láti kọ́ wọn. Àmín.