Nígbà Tí Àlejò Kò Rí Ọ̀nà Wọ Inú Eré Wa

Ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti rí i rí kí ọmọ yín jókòó ti kọ̀ǹpútà ní alẹ́ Sátidé, kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí ó sì máa wí pé, "Wọn kò lè wọlé! Wọn kò lè wọlé!", ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a ní ọmọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ sì wà ní London. Láti ìgbà tí wọ́n ti pínyà, inú eré Minecraft ni wọ́n ti ń pàdé ní Sátidé. Ilé-iṣẹ́ Mojang ní ìlú Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, ni ó ṣe eré náà, wọ́n sì gbé odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Àwọn tí ń ṣe é a máa wa ilẹ̀, wọn a máa kọ́lé, wọn a sì máa dáko pọ̀ bí ẹni tí ó wà ní abúlé kan náà. Ọmọ Ìbàdàn yìí sọ kọ̀ǹpútà ilé wọn di olùgbàlejò eré náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní server. Òun fúnra rẹ̀ ń wọlé. Àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní yàrá kejì náà ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni London kan ilẹ̀kùn títí, kò rí ẹni dá a lóhùn. Ni ó bá kọ̀wé ránṣẹ́ pé, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ ti lé mi ni?"

Kò sí ẹni tí ó lé e. Ọ̀nà ni ó dí. Kí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí? Wọn a pa èyí, wọn a ṣí tọ̀hún, wọn a yí nǹkan mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣe bí ẹni pé ó dára, wọn kò ní mọ ohun tí ó wò ó sàn. Bí ó bá sì bàjẹ́ sí i, wọn kò ní mọ ohun tí ó bà á jẹ́. Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti inú ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kí a máa bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, bodè kan lẹ́yìn òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì tún dán an wò.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀nà tí àlejò ń gbà. Ẹ rántí agboolé ńlá àwọn baba wa. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní sí òde, yàrá inú rẹ̀ sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ẹ̀rọ kékeré tí ń pín Wi-Fi fún wa, tí à ń pè ní router, òun ni oníbodè. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì kan tí ará òde mọ̀. Òun náà sì pín nọ́ńbà yàrá fún kọ̀ǹpútà àti fóònù tí ó wà nínú ilé. Nọ́ńbà inú ilé wọ̀nyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10. Gbogbo agboolé ni ó ń lo irú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo agboolé ti ní yàrá kìíní àti ìkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fún ará London ní nọ́ńbà 192.168, ohun tí ó wí fún un kò ju "Mo wà ní yàrá kẹta" lọ, láìdárúkọ agboolé. Lẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà ilẹ̀kùn tún wà, èyí tí à ń pè ní port. Ilẹ̀kùn 25565 ni Minecraft ti Java máa ń dúró sí, bí a kò bá yí i padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a rìn ín.

Èkíní, ṣé onílé jí? Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà olùgbàlejò, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sáré lọ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà "Done", ó ti jí. Bí ó bá kú kí ó tó dé ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ kò tíì gba àdéhùn rẹ̀. Nínú fáìlì eula.txt, ọ̀rọ̀ "false" gbọ́dọ̀ di "true" kí ó tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, lórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà, ẹ ṣí eré, kí ẹ sì fi localhost ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ kò bá lè wọlé níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan router. Inú yàrá ni àìsàn wà.

Èkejì, ẹ lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé, lórí Wi-Fi kan náà, kí ẹ sì lo nọ́ńbà yàrá olùgbàlejò. Lórí Windows, àṣẹ ipconfig yóò fi nọ́ńbà náà hàn yín. Bí localhost bá ṣiṣẹ́ tí èyí kò sì ṣiṣẹ́, ẹ fura sí aṣọ́nà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí tí à ń pè ní firewall. Ẹ má lé aṣọ́nà kúrò lẹ́nu iṣẹ́! Ẹ sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí àlejò ilẹ̀kùn 25565, irú TCP, kọjá. Ó tó. Bí Wi-Fi tí ẹ ń lò bá sì jẹ́ èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún àlejò, ó lè má jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì rí ara wọn rárá.

Ẹ̀kẹta, oníbodè. Bí àlejò láti òde bá dé, oníbodè kò mọ yàrá tí yóò mú un lọ, àfi bí a bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní port forwarding. Ẹ ó wọ ojú ìwé router, ẹ ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹni tí ó bá bèèrè ilẹ̀kùn 25565, mú un lọ sí yàrá báyìí." Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Oníbodè ni ó ń pín nọ́ńbà yàrá. Bí iná bá lọ tí ó sì dé, ó lè fún kọ̀ǹpútà yín ní nọ́ńbà mìíràn, kí ó sì máa mú àlejò lọ sí yàrá òfìfo. Ẹ sọ fún un nínú ojú ìwé kan náà pé kí ó fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún kọ̀ǹpútà yẹn títí.

Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ jáde síta ní tòótọ́. Oníbodè mìíràn kì í mọ ọmọ ilé tí ó bá gba òde padà wọlé, nítorí náà àdírẹ́ẹ̀sì òde lè kọ̀ nínú ilé, kí ó sì dára fún ará London. Ẹ fi dátà fóònù fún kọ̀ǹpútà mìíràn ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ti ibẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹrin, àdírẹ́ẹ̀sì òde. Èyí náà lè yí padà bí router bá kú tí ó jí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àlejò ń fi àdírẹ́ẹ̀sì Sátidé tó kọjá kan ilẹ̀kùn ilé onílé. Ìṣòro tí ó le jù tún wà. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì òde tí router kọ sójú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tí ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì tí ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹni hàn sọ fún yín. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tàbí bí ti router bá wà láàárín 100.64 àti 100.127, a jẹ́ pé agboolé yín wà nínú agboolé tí ó tún tóbi jù ú lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ni bodè ìta. Kò sí ohun tí ẹ ṣe sí router tiyín tí yóò ṣí i.

Kí ni ó fa èyí? Àdírẹ́ẹ̀sì kò tó. Irú àtijọ́ tí ayé ṣì ń lò kò ju 4,294,967,296 lọ, iye tí ó wà ní àká àgbà fún gbogbo ayé sì tán ní oṣù Kejì ọdún 2011. Nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ ń kó ọ̀pọ̀ ilé sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Àwọn tí ń lo router onísíìmù sábà máa ń bá èyí pàdé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè àdírẹ́ẹ̀sì òde tiyín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá ń tà á. Tàbí kí ẹ̀yin àti àlejò yín jọ lo ètò tí ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, irú bíi Tailscale tàbí ZeroTier.

Ẹ máa ka ohun tí eré bá kọ sójú, nítorí òun ni àlejò fi ń sọ ibi tí ó dé. Bí ó bá kọ "Connection refused", ó sábà túmọ̀ sí pé ó dé ilé, wọ́n sì dá a lóhùn pé kò sí ẹni ní ilẹ̀kùn yẹn: onílé sùn, tàbí nọ́ńbà ilẹ̀kùn kò bá a mu. Bí ó bá kọ "Connection timed out", ó pè, kò sì gbọ́ ohùn kankan: aṣọ́nà dá a dúró, oníbodè kò mọ̀ ọ́n, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì kì í ṣe tiyín. Bí ó bá sì wí pé "Outdated", ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ọ̀nà. Ó ti dé. Ẹ̀dà eré yín àti tirẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni kí ẹ fetí sí jù. Ọmọ tí inú bí lè pa firewall, kí ó sì ní kí router ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ará London lè wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè kan ilẹ̀kùn kan náà ní gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì irú àtijọ́ yẹn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Àwọn olè mọ ọgbọ́n náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, a rí àlébù kan nínú ètò Log4j tí Minecraft ti Java ń lò: ọ̀rọ̀ kan péré tí àjèjì bá tẹ̀ sínú ìtàkùrọ̀sọ eré lè sọ ọ́ di ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà olùgbàlejò. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n kìkì ẹni tí ó lo ẹ̀dà tuntun ni ó rí àǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí. Ẹ máa lo ẹ̀dà tuntun. Ẹ sì tan whitelist, èyí tí ó jẹ́ ìwé orúkọ àwọn tí ẹ mọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ wọlé.

Kí ni ó wá dé bá ọmọ Ìbàdàn wa? Ó tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Localhost dára. Kọ̀ǹpútà àbúrò rẹ̀ dára. Ẹni London ń rí "Connection timed out". Àdírẹ́ẹ̀sì òde dọ́gba pẹ̀lú ti router. Nígbà tí ó wo àṣẹ tí ó fún oníbodè, ó rí i pé yàrá 192.168.1.20 ni ó ní kí ó mú àlejò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wà ní 192.168.1.23 láti ìgbà tí iná ti lọ tí ó dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ó yí nọ́ńbà kan padà, ó sì fi í pamọ́ fún kọ̀ǹpútà náà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé láti London: "Bùọ̀dá, mo ti wọlé. Oko wa dà?"

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín báyìí: onílé, yàrá kejì, oníbodè, òde. Bí ẹ bá tò ó bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí ọ̀nà ti dí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó dìgbà kan ná o.