Àtẹ̀jíṣẹ́ Ọ̀fẹ́

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò tí ó fẹ́ pe ìpàdé ní Ìdímù lè rí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò bá a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A kò bẹnu àtẹ́ lu ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ń san owó rẹ̀? Bí kì í bá ṣe olùpolówó, a jẹ́ pé nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni a fi dí i. Ṣé akọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn? Ìpolówó tí a kò bèèrè ti yọ ará ìlú lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ NCC fi ya 2442 sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dá a dúró.

Ọ̀ràn náà tún kan èdè wa. Lẹ́tà 160, àti àlàfo, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, 70 péré ni. Ojúlé mìíràn a sì pa àmì rẹ́, ọkọ a di oko. Ní tiwa, ó sàn kí a san náírà díẹ̀ kí Yorùbá wa dé pípé. Kí ẹni tí yóò lo ọ̀fẹ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀, kí ó sì wo orúkọ ẹni tí ó bá a dé.