Ẹ má ṣe fi hóró àgbàdo ìbíríìdì ṣe irúgbìn



Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àgbẹ̀ kan ra irúgbìn àgbàdo ìbíríìdì. Ó gbìn ín, ó so dáadáa. Ó yan àwọn ṣírí tó tóbi jù, ó so wọ́n rọ̀ sókè ààrò. Ó ní: «Èyí ni n ó gbìn lámọ̀dún.» Ọdún kejì dé, ó gbìn ín. Àwọn kan ga, àwọn kan kúrú. Ṣírí púpọ̀ kò tóbi mọ́. Ṣé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni? Rárá.

Kí ló fà á? Àgbàdo ní akọ, ó ní abo. Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí igi rẹ̀ ni akọ. Irun ẹnu ṣírí ni abo. Afẹ́fẹ́ ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ sórí irun. Irun kọ̀ọ̀kan tó bá gbà á ń mú hóró kan wá.

Àwọn tó ń ṣe irúgbìn ìbíríìdì ń gbin oríṣi méjì sí oko kan: ọ̀kan ni bàbá, ọ̀kan ni ìyá. Wọ́n ń fa ìrùkẹ̀rẹ̀ ìyá yọ, kí ìyẹ̀fun bàbá nìkan lè bà lé e. Ọmọ àwọn méjèèjì lágbára ju bàbá àti ìyá lọ. Ọmọ náà ni ẹ rà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbin hóró tí ó so, àwọn ọmọ-ọmọ kò ní jọra mọ́, agbára wọn yóò sì dín kù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbin ìbíríìdì yóò ra irúgbìn tuntun lọ́dọọdún. Ẹ ṣírò owó irúgbìn àti ti ajílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó kò bá tó, àgbàdo mìíràn wà tí a lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀. Obatanpa, tí wọ́n gbé jáde ní Gánà ní 1992, wà lára wọn. Àárín oko ni kí ẹ ti mú irúgbìn, kì í ṣe etí oko, nítorí ìyẹ̀fun oko ẹlòmíràn.

Hóró ìbíríìdì dára fún jíjẹ àti fún títà. Ẹni tó ní màlúù lè gé igi rẹ̀ tòun ti ṣírí, nígbà tí omi hóró ti ń ki, tí kò sì tíì gbẹ. Kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó kó o sí kòtò, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ó fi ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Yóò kan bí ògì, kò ní jẹrà. Màlúù yóò rí i jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ rántí: kí ẹ tó sanwó irúgbìn, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: «Ṣé a lè tún hóró rẹ̀ gbìn?»