Àwòrán Ìdíkọ̀ Ọkọ̀ Ojú Irin àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Kí Ó Bá A Rìn

Ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà lọ sí ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Ọlọ́dọ̀ tàbí ní Lálúpọn, iṣẹ́ méjì ni ó gbé dání. Èkíní ni kí ó ya ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èkejì ni kí ó kọ orúkọ ohun tí ó yà sílẹ̀, ní èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Iṣẹ́ kìíní ń rọrùn sí i lójoojúmọ́, nítorí pé kámẹ́rà ti wọ inú tẹlifóònù. Iṣẹ́ kejì ni ó ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ilé ń gbó, àwọn àgbà tí ó bá rélùwéè ṣiṣẹ́ náà sì ń dín kù.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Irin náà dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i fún èrò ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Láti Ìbàdàn, ó gba Ọlọ́dọ̀ àti Lálúpọn kọjá títí ó fi dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Bí oko kòkó ṣe ń gbòòrò ní àyíká Ìbàdàn, irú àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ di ẹnu ọ̀nà tí irè oko ń gbà lọ sí Èkó. Ọjà Dùgbẹ̀ pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ìdíkọ̀ Ìbàdàn ni ó ti gbilẹ̀. Ìtàn àgbẹ̀ àti oníṣòwò wà lára àwọn ògiri wọ̀nyí, bí ìtàn ìjọba ti wà níbẹ̀.

Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tì nígbà tí irin dé. Ọkọ̀ orí omi ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ojú irin kún un, ohun tuntun náà sì rí orúkọ, bí ọkọ̀ òfurufú ṣe rí tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n yá rélùwéè pẹ̀lú, méjèèjì sì jọ ń gbé pọ̀ láìjà. Ọ̀nà kan náà ni a lè gbà sọ ẹ̀yà ara ìdíkọ̀ lórúkọ. Ilẹ̀ gíga tí èrò ń dúró sí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, pèpéle ni ó bá a mu jù lọ, nítorí pé ibi tí a mọ ga sókè nínú agbo ilé ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Kí olùtumọ̀ má ṣe kọ pẹpẹ síbẹ̀, torí pé ibi ìrúbọ ni ọkàn òǹkàwé yóò lọ. Ibi òjìji tí ó wà láàárín ògiri àti òpó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tí páànù ti yọ síta kọjá ògiri ni etí òrùlé. Irin gígùn tí ó máa ń nà tàbí tí ó máa ń wálẹ̀ láti sọ fún awakọ̀ bóyá kí ó dúró tàbí kí ó kọjá, apá àmì ni a lè pè é.

Orúkọ wọ̀nyí wúlò fún ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọ́n ṣe etí òrùlé láti dènà oòrùn yóò mọ ìgbà tí kò yẹ kí òun ya ilé náà. Ní agbègbè Ìbàdàn, oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Nígbà náà páànù á máa tàn yanran, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì dúdú bí ẹni pé kò sí ohun kan níbẹ̀. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ abẹ́ òrùlé. Bí ayàwòrán bá sì gbé ojú kámẹ́rà sókè, àwọn òpó á tẹ̀ síra wọn nínú àwòrán. Kí ó fà sẹ́yìn, kí ó mú kámẹ́rà dúró gbọọrọ, òpó á sì nàró.

Ti ọkọ̀ tí ń sáré tún yàtọ̀. Ọkọ̀ tí ó ń rin kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà fi la ojú sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ ni a lè pè ní àkókò ìlajú. Bí àkókò ìlajú bá jẹ́ ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ náà á ti rin sẹ̀ǹtímítà 28, àwòrán á sì ṣe bàìbàì. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú 1000, ọkọ̀ kò tíì rin sẹ̀ǹtímítà méjì. Ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ wá bá ayàwòrán máa ń mọ́lẹ̀ nínú àwòrán ju èyí tí ó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kí ayàwòrán má ṣe dúró sójú irin tìtorí èyí. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ó dúró sí, lókèèrè, lẹ́yìn tí ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú àwòrán tí kò lórúkọ hàn gbangba ní Ìbàdàn lónìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ìdíkọ̀ ìparí rẹ̀ sì wà ní Mọ́níyà ní Akínyẹlé, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Ìbú ojú irin àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1067. Ti Mọ́níyà jẹ́ 1435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Bí olùkọ́ bá rí àwòrán tí wọ́n kàn kọ "ìdíkọ̀ Ìbàdàn" sí lábẹ́, kí ni yóò sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀? Ó lè jẹ́ Dùgbẹ̀, ó lè jẹ́ Mọ́níyà. Ọgọ́fà ọdún ni ó sì wà láàárín méjèèjì.

Babatunde Lawal ṣàlàyé ní ọdún 2001 pé inú à-wò-rántí ni ọ̀rọ̀ náà àwòrán ti wá: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ní Èbúté Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy tún Ilé Jaekel ṣe, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898 nínú ọgbà rélùwéè, ó sì di ibi tí wọ́n kó àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ sí. Ohun tí ó ṣeé ṣe ní Èkó ṣeé ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Lágelú tàbí ní Ẹgbẹ́dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àwo ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ìdíkọ̀ tí ó súnmọ́ ilé rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ ìlú, ọjọ́, àti ibi tí ó kọjú sí. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé àwòrán náà lọ bá àgbà kan tí ó ti wọ ọkọ̀ níbẹ̀ rí, kí ó na ìka sí òpó, sí etí òrùlé, sí apá àmì, kí ó sì béèrè pé: "Bàbá, kí ni ẹ ń pe èyí?" Bí bàbá náà bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí tí a dábàá níhìn-ín lọ, tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán.