Ràkúnmí Kan fún Ẹni Mẹ́ta

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, mọ́tò ẹlòmíràn ti di ohun tí adìyẹ ń sùn sí lábẹ́ ní Òkèhò níbí. Ẹni tó sì ṣì ń rí epo rà, òun nìkan ni yóò wọ tirẹ̀ lọ sí Jímọ̀, tí bàbá àgbà àdúgbò rẹ̀ ń tọ ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú ọ̀pá.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún kejì Híjírà ni ogun Bádírì. Àwọn Mùsùlùmí lé ní ọ̀ọ́dúnrún (300), ràkúnmí wọn kò ju bí àádọ́rin (70) lọ. Bí ẹnì kan bá gùn ún díẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ kí ẹlòmíràn gùn ún. Àlíyù àti ẹnì kan sí i ni wọ́n jọ ń gun ọ̀kan pẹ̀lú Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Wọ́n ní kí ó jókòó, àwọn yóò fẹsẹ̀ rìn. Ó kọ̀! Ó ní wọn kò lágbára ìrìn ju òun lọ, òun náà sì ń wá láádá.

Màúnù tó parí Súrà 107 ńkọ́? Àwọn aáfà àtijọ́ ní ìkòkò, àáké àti korobá tí aládùúgbò ń yá ara wọn ni. Lójú tèmi, àyè tó ṣófo nínú mọ́tò wà níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ o. Bí ẹ bá ń lọ Ìsẹ́yìn lọ́la, ẹ béèrè nílé mẹ́ta tó yí yín ká lálẹ́ òní. Ẹni tó bá lówó, kó dá sí epo. Aláìsàn, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.