Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ Orúkọ Àwọn Oníṣẹ́ Ayẹyẹ Sílẹ̀

Kò sí ọmọ Ìlọrin kan tí kò mọ̀ pé ayẹyẹ kì í ṣe eré lásán ní ìlú yìí. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé ọjọ́ wòlímọ̀, láti orí yìgì dé orí ìwúyè, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀. Alásè wà níbẹ̀, onílù àti olórin dadakúàdà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán, aránṣọ, ahunṣọ òfì, ẹni tí ń fi àga àti àtíbàbà háyà, awakọ̀, àti òṣìṣẹ́ ilé ìtura tí ń gba àlejò. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹ, tí wọ́n ń mu, iṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe.

Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, tí ó sì dé ìpínlẹ̀ Kwara ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba fi òfin de ìpéjọpọ̀. Àwa kò bá ìjọba jà lórí òfin náà, nítorí ẹ̀mí ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Olùkọ́ ilé-ìwé ìjọba jókòó sílé, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé owó oṣù. Onílù jókòó sílé, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni lè jẹ́rìí sí bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti korò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí òde ìyàwó nìkan. Ayẹyẹ ẹṣin Durbar tí a ń ṣe níwájú ààfin Ẹ́míà lẹ́yìn ọdún Iléyá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ tí a ṣí ní 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, àti omi Òwu tí ń dà wálẹ̀ láti orí òkè, gbogbo wọn ni ó ń fa àlejò wá. Bí àlejò kò bá lè wá, ọjà alátẹ kò tà, yàrá ilé ìtura sì ṣófo. Ní 2020, iye àwọn tí ń rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ní gbogbo ayé fi ohun tí ó ju ìdá 70 nínú 100 lọ dín sí ti ọdún tí ó ṣáájú.

Àwa kò ní sọ pé ìjọba ká ọwọ́ gbera. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Survival Fund kalẹ̀ pẹ̀lú ₦75 bílíọ̀nù. Nínú rẹ̀ ni a ti fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti awakọ̀ ní ₦30,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì san owó oṣù mẹ́ta fún òṣìṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, tààrà sínú àpò wọn ní báńkì. Báńkì Àpapọ̀ ya ₦50 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti yá àwọn tí àrùn náà ṣe ní jàǹbá, àwọn onílé ìtura pẹ̀lú, ní èlé 5 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Kwara níhìn-ín, a rí Owó Arúgbó àti Owó Ìṣòwò. Ẹni tí ó ṣe rere, ó yẹ kí a yìn ín.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ọ̀dọ̀ ta ni àwọn owó wọ̀nyí lè dé? Kí ilé iṣẹ́ kan tó lè gba owó oṣù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Alásè tí ó gba ọmọ márùn-ún síṣẹ́, tí kò ní ìwé kankan ju èyí tí ó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí lọ, kò lè dé ẹnu ọ̀nà náà. Òtítọ́ ni pé ètò kan náà ní àyè láti forúkọ 250,000 ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ti ń pa kò ní sùúrù àtimáa wá ìwé kiri. Ní ti owó yíyá, ẹni tí ó pàdánù òde mẹ́wàá kò lè fi òde tí kò wáyé san gbèsè.

Ní Ìlú Ọba, ìjọba san tó ìdá 80 nínú 100 owó oṣù àwọn tí kò lè lọ síbi iṣẹ́, láti oṣù kẹta ọdún 2020, kí wọ́n tó dá a dúró ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Kì í ṣe ọrọ̀ wọn nìkan ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ náà ti wà lọ́dọ̀ agbowó-orí kí àrùn tó dé. Ìwé ni ó ṣáájú owó.

Àwọn kan yóò wí pé owó ìlú kò yẹ fún ọ̀rọ̀ àríyá, nígbà tí ilé ìwòsàn kò ì tíì ní oògùn tó. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àríyá ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, bí kò ṣe àwọn tí òfin ti ìlẹ̀kùn iṣẹ́ wọn nítorí àlàáfíà gbogbo wa. Ẹrù tí a gbé nítorí gbogbo ìlú, kò tọ́ kí ó já lé orí ẹnì kan.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fẹ́. Èkíní, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara forúkọ àwọn oníṣẹ́ ayẹyẹ àti ìrìn-àjò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ wọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí ó wà. Èkejì, kí wọ́n dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí oníṣẹ́ máa dá díẹ̀, kí ìjọba sì fi ti rẹ̀ kún un, kí a má sì ṣí i àfi ní ọjọ́ tí òfin bá tún de ìpéjọpọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ìrànwọ́ bá ń lọ sí ilé ìtura, kí ó dé ọwọ́ agbọ́únjẹ àti agbálẹ̀, kí ó má ṣe dúró lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìwé orúkọ náà kò gbọdọ̀ di ìwé ẹgbẹ́. Àwọn tí ó ké “Ó tó gẹ́” ní 2019, àti àwọn tí kò bá wọn ké e, wọ́n jọ jókòó sílé ní 2020 ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni kálàmù wà. Òbí àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ wà lára àwọn tí à ń sọ. Ẹ bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, ẹ sì kọ́ wọn bí a ti ń ṣírò owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Òde ti kún padà, ìlù sì ti ń dún. Àkókò yìí gan-an ni ó yẹ kí a ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí kí òjò tó dé ni ọlọ́gbọ́n ti ń tún òrùlé ṣe.